Kí A Tó Da Kọnkéré: Bí A Ṣe Ń Fi Ìgbì Wádìí Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ìpìlẹ̀ Ilé

Alága ìjókòó, ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà láàárín wa, ẹ̀yin ọ̀gá bíríkìlà, ẹ̀yin onílé àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti di onílé, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ rin ìrìn-àjò wá síbí, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àpéjọ, ẹ kú ìfaradà oòrùn. Mo tọrọ gááfárà lọ́wọ́ àwọn àgbà kí n tó la ẹnu, kí ọ̀rọ̀ mi lè rí àyè jókòó.

Ìbéèrè ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ ra ilẹ̀, kí ni a máa ń yẹ̀ wò? A ń yẹ ìwé wò. A ń béèrè ẹni tó ni ín, a ń béèrè bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e, a ń pe sọ̀fíyọ̀ kó wá wọ̀n ọ́n, a sì ń bá ọmọ onílẹ̀ ṣe àdéhùn. Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ló ti bi ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ léèrè bóyá ó lè gbé ilé alájà mẹ́ta? Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. A bi gbogbo ènìyàn léèrè, ilẹ̀ tí yóò ru ẹrù náà nìkan ni a kò bi.

Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí ọ̀nà kan tí a fi ń bi ilẹ̀ léèrè, tí ilẹ̀ sì ń dáhùn: àyẹ̀wò ìgbì inú ilẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní seismic. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ, gbogbo ìyókù ni mo fẹ́ fi ti ẹyọ náà lẹ́yìn. Ìdáhùn tí ilẹ̀ yóò fún wa wà lọ́wọ́ irú ìgbì tí a fi bi í. Ní ilẹ̀ tiwa yìí, níbi tí ohun líle ti sábà máa ń jókòó sórí ohun rírọ̀, ẹni tó bá fi ìgbì tí kò yẹ béèrè yóò gba ìdáhùn tó dùn létí, ilé rẹ̀ yóò sì san owó rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Kì í ṣe ilẹ̀ ló ń wó gbogbo ilé tó ń wó. Irin tí kò tó, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n là mọ́ yanrìn, àjà tí wọ́n ń fi kún àjà láìgba àṣẹ, ìwọ̀nyí ti gbẹ̀mí púpọ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 kan wó ní ojú ọ̀nà Gerrard ní Ìkòyí, ó lé ní 40 ènìyàn tó bá a lọ. N kò dúró níbí láti sọ pé ilẹ̀ ló fa ìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí irin bá pé, tí sìmẹ́ǹtì pé, tí bíríkìlà sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì, ilé náà ṣì lè rì, ó ṣì lè sán, ó ṣì lè fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò bá lè gbé e.

Ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí a ń gbé lórí rẹ̀. Ní Ìbàdàn níbí, ní Abẹ́òkúta, ní Ilé-Ifẹ̀, títí dé Àkúrẹ́, àpáta àtayébáyé ló wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀: gneiss, gíránáìtì àti àwọn ìbátan wọn. Níbì kan àpáta náà yọ síta gedegbe, gẹ́gẹ́ bí Olúmọ ti yọ ní Abẹ́òkúta. Níbòmíràn, òjò àti oòrùn ti jẹ ẹ́ láti àìmọye ọdún, ó ti di amọ̀ àti yanrìn, ènìyàn yóò sì wa ilẹ̀ jìnnà kí ó tó kan òkúta tó pé. Ohun tó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé ilẹ̀ méjèèjì lè wà lórí plọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Òpó iwájú ilé lè gúnlẹ̀ sórí àpáta, kí ti ẹ̀yìnkùlé sì wà lórí amọ̀ tó jìn tó mítà 10. Bí ilé náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó, apá kan kò ní lọ, apá kejì yóò máa lọ, ògiri tó wà láàárín ni yóò là. Èyí ni orísun púpọ̀ nínú ojú sísán tó máa ń gba igun fèrèsé gòkè lọ sí àjà, tí a ń fi sìmẹ́ǹtì dí lọ́dọọdún, tí ó sì ń padà wá lọ́dọọdún.

Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ sí Èkó, ọ̀rọ̀ yí padà. Àpáta ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti jìn réré lábẹ́ yanrìn àti amọ̀ tí omi kó jọ, ilẹ̀ omi-kó-jọ kan tó nà láti ìhà Ghana, ó gba Togo àti Benin kọjá, títí wọ ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà, ẹrẹ̀ dúdú tó kún fún ewé àti gbòǹgbò jíjẹrà wà láàárín àwọn yanrìn náà, àwa ènìyàn sì ti da yanrìn ọ̀sà lé orí rẹ̀, a pè é ní sáńfíìlì, a gé e sí plọ́ọ̀tì, a tà á.

Bí ìgbì ṣe ń sọ ohun tí ojú kò rí

Ìyá tó bá fẹ́ ra ìkòkò lọ́jà máa ń fi ìka lù ú kí ó tó sanwó. Èyí tó pé yóò dún gooro, èyí tó ti sán yóò dún pàkàpàkà. Kò fọ́ ìkòkò náà kí ó tó mọ inú rẹ̀. Ìmọ̀ yẹn gan-an ni a mú lọ sórí ilẹ̀, àfi pé dípò etí, ẹ̀rọ ni a fi ń gbọ́, a sì ń ka àkókò tí ìró náà fi rìn.

Bí a bá lu ilẹ̀, oríṣi ìgbì mẹ́ta tó kàn wá ló máa ń jáde. Èkíní ni n ó máa pè ní ìgbì àkọ́dé. Ó ń ti ilẹ̀ síwájú, ó ń fà á sẹ́yìn, lójú ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ ń gbà; òun ló yára jù, ó sì lè gba inú òkúta, inú omi àti inú afẹ́fẹ́ kọjá. Èkejì ni ìgbì àtẹ̀lé. Ìyẹn ń mi ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kò sì lè gba inú omi rárá, nítorí pé omi kì í bá ẹni tó bá tì í sí ẹ̀gbẹ́ jà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà dé orí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìgbì ojú ilẹ̀, tí kì í wọ ìsàlẹ̀ jìnnà, tí ó ń rìn gba òkè ilẹ̀ lọ, tí ó sì ń gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tí a fi lu ilẹ̀ lé ara rẹ̀.

Ìyára wọn ni ẹ̀rí wa. Nínú afẹ́fẹ́, ìró ń rin nǹkan bí mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú omi, ó ń rin nǹkan bí 1,500. Nínú ilẹ̀ gbígbẹ tó ṣì rọ̀, ìgbì àkọ́dé lè má ju 300 sí 600 lọ, ṣùgbọ́n nínú gneiss tàbí gíránáìtì tí kò tíì jẹ, yóò lé ní 4,500. Ẹni tó bá mọ bí ìgbì ṣe yára tó ti mọ púpọ̀ nípa ohun tí ó gbà kọjá.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1849, Robert Mallet, ẹnjiníà kan ní ilẹ̀ Ireland, ri ẹ̀tù mọ́ inú yanrìn etí òkun ní Killiney, wọ́n ta iná sí i, òun sì wà ní òkèèrè, ó tẹjú mọ́ mẹ́kúrì tó wà nínú àwo títí ó fi gbọ̀n. Ó rí i pé ìgbì náà rin nǹkan bí mítà 250 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ní 1919, Ludger Mintrop ní Jámánì béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí a fi ń fi ìgbì wá ohun tó wà nínú ilẹ̀, ní 1924 ni wọ́n sì fi ọ̀nà náà rí òkìtì iyọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kan ní Texas, irú ibi tí epo rọ̀bì máa ń sá pamọ́ sí. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi ń wá epo ní Niger Delta títí dòní. Ilẹ̀ tí a ń fi ìgbì wò nítorí epo, kí ló dé tí a kò lè fi ìgbì wò ó nítorí ẹ̀mí ènìyàn?

Lójú iṣẹ́

Ó dára kí n ṣàlàyé ohun tí ẹ ó rí bí a bá dé orí ilẹ̀ yín. A ó na wáyà kan gùn, a ó sì gún jíófóònù 24 mọ́lẹ̀ lójú ìlà kan, mítà 2 láàárín ọ̀kan sí èkejì, èyí tó fún wa ní mítà 46 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Jíófóònù kan kò tóbi ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Ó ní ìṣó irin nídìí tí a fi ń gún un mọ́lẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì àti wáyà bàbà tí a wé sì wà nínú rẹ̀ lórí sípíríǹgì. Bí ilẹ̀ bá mì, bó ti wù kí ó kéré mọ, ọ̀kan nínú wọn yóò sún, èkejì kò ní sún, iná mọ̀nàmọ́ná bíńtín yóò sì jáde gba wáyà lọ sínú ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn lóde, ó ń gbọ́ ọ. Ewúrẹ́ tó sáré kọjá, ó ń gbọ́ ọ. Nítorí náà ni ẹni tó di hámà mú ṣe máa ń kígbe kí gbogbo ènìyàn dúró lójú kan. Yóò gbé hámà ńlá tó wúwo tó kìlógíráàmù 7 tàbí 8 sókè, yóò sì là á mọ́ irin pẹlẹbẹ kan tí a tẹ́ sílẹ̀. Bí hámà ti kan irin náà ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò.

A kì í lù ú lẹ́ẹ̀kan. A ó tún un lù lójú kan náà, a ó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, nítorí pé ìró hámà máa ń dé ní àkókò kan náà ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti ọkọ̀ akẹ́rù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a ti ń rò wọ́n pọ̀, ti hámà ń ga sí i, ariwo náà ń pa ara rẹ̀ rẹ́.

Ẹ bá mi fara balẹ̀ sí ìṣirò kékeré kan. Ká ní ilẹ̀ òkè ń gbé ìgbì àkọ́dé ní mítà 600 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí àpáta tó wà nísàlẹ̀ sì ń gbé e ní 3,000. Jíófóònù tó wà ní mítà 30 sí hámà yẹ kó gbọ́ ìró tó gba òkè wá lẹ́yìn ìdá 50 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó dé, òmíràn ti dé ní nǹkan bí ìdá 37. Báwo ló ṣe jẹ́? Ìgbì kan wọ ilẹ̀ lọ, ó kan àpáta, ó sáré lójú àpáta náà, ó sì tún gòkè wá. Ọ̀nà rẹ̀ jìn ju ti èkejì lọ, síbẹ̀ ó ṣáájú rẹ̀ dé. Ibi tí èyí tó gba ìsàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáájú èyí tó gba òkè ni a fi ń mọ bí àpáta ṣe jìn tó. Nínú àpẹẹrẹ yìí, bí ibẹ̀ bá jẹ́ mítà 20 sí hámà, àpáta wà ní nǹkan bí mítà 8 nísàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì gbé díígà o.

Líle lórí, rírọ̀ lábẹ́

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé tán yìí dára, ó yára, ó sì ti ṣe wá lóore púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tó ń béèrè lọ́wọ́ ilẹ̀: ó fẹ́ kí ìsàlẹ̀ máa le ju òkè lọ bí a ti ń lọ. Bí ìgbì bá ti inú ohun líle bọ́ sínú ohun rírọ̀, kì í sáré lójú ohun rírọ̀ náà kí ó tún gòkè wá. Ńṣe ló ń yà sísàlẹ̀ sí i. Kò sí jíófóònù tó máa gbọ́ ọ. Ohun rírọ̀ náà kò ní hàn nínú èsì rárá, yóò sì tún jẹ́ kí àpáta tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn bí èyí tó jìn ju bó ṣe jìn lọ.

Ṣé ẹ ti ń rí ibi tí mò ń lọ? Kí ló wà lókè ilẹ̀ wa níbí? Yangí ni. Gbogbo ẹ̀yin bíríkìlà ẹ mọ yangí. Díígà yóò kàn án, yóò ta padà, àwọn lébìrà yóò sì kígbe pé àwọn ti kan òkúta. Mo mọ ilé kan ní ìlú yìí, n kò ní dárúkọ àdúgbò, tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ jókòó sórí irú yangí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú. Wọ́n tilẹ̀ ṣe àyẹ̀wò ìgbì àkọ́dé, èsì náà sì sọ pé ilẹ̀ le láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí òjò dé, ògiri ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í là. Wọ́n pè wá, a sì fi ìgbì ojú ilẹ̀ tún un wò, èyí tó ń jẹ́ kí a mọ ìyára ìgbì àtẹ̀lé, bí n ó ṣe ṣàlàyé láìpẹ́. Yangí náà kò nípọn tó mítà 2. Ìgbì àtẹ̀lé ń rin ohun tó lé ní 400 nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀ ó já sí nǹkan bí 140, lójú kan náà. Nígbà tí a lu ihò síbẹ̀, amọ̀ funfun rírin ló jáde, èyí tí ènìyàn lè fi ìka tẹ̀ wọnú. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Àwọn kò rí igi náà nítorí pé ohun tí wọ́n fi wò ó kò lè fi í hàn wọ́n.

Ti Èkó yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn kan náà ni. Níbẹ̀, omi kò jìn. Bí ilẹ̀ bá ti mu omi yó, ìgbì àkọ́dé yóò kàn gba inú omi náà kọjá ní nǹkan bí 1,500, ìbáà jẹ́ yanrìn tó dì tàbí ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ máa rì sí. Mo ti rí ìwé èsì kan tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ pé ilẹ̀ sáńfíìlì kan "le dáadáa láti mítà 2 lọ sísàlẹ̀", kìkì nítorí 1,500 yìí. Omi ni wọ́n wọ̀n, wọn kò wọn ilẹ̀. Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn: ìgbì àtẹ̀lé kì í gba inú omi. Egungun ilẹ̀ fúnra rẹ̀ nìkan ló lè gbé e, nítorí náà òun ni kì í jẹ́ kí omi fi ilẹ̀ pamọ́ fún wa. Nígbà tí a fi í wo ilẹ̀ kan náà, kò tó 100 nínú ẹrẹ̀ tó wà lábẹ́ yanrìn náà. Ní Amẹ́ríkà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin ilé kíkọ́ wọn ka ilẹ̀ tí ìgbì àtẹ̀lé kò rìn tó mítà 180 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ilẹ̀ rírọ̀; 180 sí 360 ni wọ́n pè ní ilẹ̀ tó dì díẹ̀, wọn kò sì pè é ní àpáta gidi àfi tó bá ti kọjá 760.

Báwo wá ni a ṣe ń rí ìgbì àtẹ̀lé láti òkè ilẹ̀? Ìgbì ojú ilẹ̀ ni a ń bá wọlé. Èyí tó gùn nínú wọn máa ń kan ìsàlẹ̀, èyí tó kúrú kò ní kúrò lókè. Bí a bá wọn ìyára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kọ̀ǹpútà yóò bá wa ṣírò bí líle ilẹ̀ ṣe ń yí padà láti òkè lọ sísàlẹ̀, ìbáà máa le sí i, ìbáà máa rọ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ ní Kansas ní Amẹ́ríkà, Park, Miller àti Xia, ló gbé ọ̀nà yìí jáde kedere ní 1999, wọ́n sì ń pè é ní MASW. Pẹ̀lú wáyà wa tó gùn ní mítà 46 yẹn, a lè rí ilẹ̀ dé nǹkan bí mítà 20. Ohun tó tún dùn mọ́ mi nínú ọ̀nà yìí ni pé ariwo tó ń dí wa lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ọkọ̀, ọjà, ẹ̀rọ ìlọta, ìgbì ojú ilẹ̀ náà ló pọ̀ jù nínú wọn. A lè jókòó jẹ́jẹ́ kí a gba ohùn wọn sílẹ̀ láìlu ohunkóhun, kí a sì fi wọ́n rí ibi tó jìn ju èyí tí hámà lè dé lọ.

Nígbà tí ìpìlẹ̀ bá ti wà nínú ilẹ̀

Àwọn kan yóò ní, "Ilé tèmi ti dúró, kí ni mo fẹ́ fi èyí ṣe?" Ìgbì ṣì wúlò fún yín. Ní àkùrọ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà, a máa ń fi òpó páìlì gún ilẹ̀ títí yóò fi kan ibi tó le. Lẹ́yìn tí kọnkéré bá ti gan, ta ló tún lè rí ìdí rẹ̀? A ó lẹ ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ orí páìlì náà, a ó sì fi hámà ọwọ́ lù ú. Ìgbì ń rin nǹkan bí mítà 4,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú kọnkéré tó dára. Bí páìlì bá gùn ní mítà 20, ìró yóò lọ, yóò bọ̀, yóò sì dé ní ìdá 10 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Bí ó bá padà dé ní ìdá 6, a jẹ́ pé ohun kan dá a padà ní mítà 12: yálà páìlì náà ti ṣẹ́, tàbí ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín nítorí ẹrẹ̀ tó ya wọ inú kọnkéré tútù, tàbí kí ẹni tó gba owó mítà 20 ti dúró ní 12.

Bí ilé bá sì ti wà lórí ìpìlẹ̀ tí a kò sì mọ ibi tó dé, a ó lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ó máa sọ ẹ̀rọ agbóhùn kan kalẹ̀ nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan yóò sì máa lu ara ilé náà lókè. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọnkéré, ìró yóò máa tètè dé; bí ó bá ti kọjá ìdí ìpìlẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Ibi tí ìpẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ parí sí. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará Amẹ́ríkà gbọ̀ngbọ̀n nígbà tí afárá Schoharie Creek ní New York já ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 1987, tí ènìyàn 10 kú, nítorí pé àgbàrá ti gbẹ́ ilẹ̀ kúrò lábẹ́ òpó rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún afárá ló wà tí kò sí ìwé kankan tó sọ ibi tí ìpìlẹ̀ wọn dé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbòmíràn

Àpẹẹrẹ méjì péré. Ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, wọ́n kọ́ ìsédò kan sí Malpasset lórí odò Reyran, ó ga tó mítà 66, wọ́n parí rẹ̀ ní 1954. Kọnkéré náà dára. Gneiss ló jókòó lé, ìbátan èyí tó wà lábẹ́ Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n gneiss náà ti là nínú, ọ̀nà kan sì wà lábẹ́ èjìká òsì rẹ̀ tí omi ń gbà ti àpáta náà láti abẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 2 oṣù kejìlá 1959 ni ìsédò náà já, ó lé ní 420 ènìyàn tó kú. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "àpáta ni, kò sí wàhálà", ẹ bi í léèrè bóyá àpáta náà pé. Gneiss tó pé yóò gbé ìgbì ní 5,000. Èyí tó ti là yóò gbé e ní 2,000 tàbí kí ó dín sí i. Ojú lè má mọ ìyàtọ̀ wọn láti òkè, ìgbì mọ̀ ọ́n.

Èkejì ni Mexico City. Orí ilẹ̀ adágún tó ti gbẹ ni àárín ìlú náà wà. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án 1985, ilẹ̀ mì ní etí òkun Pacific, ó lé ní 350 kìlómítà sí ìlú náà. Àwọn ìlú tó sún mọ́ ibẹ̀ ju Mexico City lọ wà tí ọ̀pọ̀ ilé wọn dúró, ṣùgbọ́n amọ̀ adágún náà gba ìmìtìtì tó ti ń rẹ̀ bọ̀, ó sọ ọ́ di ńlá, ó sì mi àwọn ilé alájà 6 sí 15 títí wọ́n fi wó lu ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Àwọn ilé tó wà lórí òkúta nínú ìlú kan náà kò mì tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tiwa kì í mì bí tiwọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kì í mì rárá: ní 1984 wọ́n gbọ́ ọ ní Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ìbàdàn, wọ́n gbọ́ ọ ní ìhà wa àti ní ilẹ̀ Benin ní 2009, ní 2018 sì ni àwọn ará Mpape ní Abuja sá jáde kúrò nílé.

Ohun tí ìgbì kò lè ṣe

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìgbì kì í rí ohun tó kéré sí òun. Bí ìgbì ojú ilẹ̀ bá ń rìn ní 200, tí ó sì ń mì ní ìgbà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó gùn ní mítà 10. Kànga àtijọ́ tí kò fẹ̀ ju mítà kan lọ yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àwọn agbo ilé àtijọ́ ní ìlú yìí, kànga tí a ti dí àti ṣọ́kàwé tí a ti gbàgbé pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó máa sọ ibi tí wọ́n wà bí ìyá àgbà tó ti pọnmi níbẹ̀ rí. Nítorí náà, kí n tó gún jíófóònù kankan mọ́lẹ̀, àwọn àgbà inú agbo ilé ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ kí, tí mo sì máa ń bẹ̀ pé kí wọ́n bá mi rìn yí ilẹ̀ náà ká.

Bákan náà, ìgbì kò lè sọ fún yín bóyá amọ̀ yìí máa ń wú nígbà òjò, tàbí iye ẹrù tí yóò gbé gan-an. Ihò lílù àti àyẹ̀wò yàrá ìwádìí ló ń sọ ìyẹn. Ohun tí ihò náà kò sì lè sọ ni ohun tó wà láàárín òun àti ihò kejì, nítorí ojú kan péré ni ó mọ̀. Ẹni tó bá ṣe méjèèjì, tó jẹ́ kí ìgbì kọ́kọ́ yí gbogbo plọ́ọ̀tì wò kí ó tó yan ibi tí yóò lu ihò sí, ni mo gbà pé ó ṣe é bó ṣe yẹ. Ẹni tó lu ihò méjì sí igun tó rọrùn fún ọkọ̀ rẹ̀ láti dúró sí kò tíì wádìí ilẹ̀ yín.

Nítorí náà, bí wọ́n bá mú ìwé èsì wá fún yín, ẹ̀yin onílé, ẹ má wo bó ṣe nípọn tó. Ẹ béèrè irú ìgbì tí wọ́n lò. Bí ó bá jẹ́ ìgbì àkọ́dé nìkan, tí ilẹ̀ yín sì ní yangí lókè tàbí omi nítòsí, ẹ ní kí wọ́n padà wá fi ìgbì ojú ilẹ̀ wò ó. Ẹ béèrè ibi tí ìlà wáyà wọn gbà, kí ẹ sì rí i pé ó gba abẹ́ ibi tí òpó ilé yóò dúró sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe rí i jìn tó, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ohun tí ihò sọ hàn yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ìgbì sọ. Bí méjèèjì bá ta ko ara wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ kọnkéré wá títí wọn yóò fi ṣàlàyé ohun tó fà á. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru: ilé aládùúgbò tó bá wó, orí ògiri yín ló máa wó lé, nítorí náà ẹ bá a béèrè náà.

Ẹ ṣeun tí ẹ fún mi ní etí yín. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti na wáyà sí ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn yìí, jíófóònù 24 ti wà nínú ilẹ̀, hámà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin bíríkìlà ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ jáde, kí ọ̀kan nínú yín wá bá wa lu ilẹ̀ náà, kí a jọ wo ohun tó wà lábẹ́ ibi tí a jókòó sí láti àárọ̀.